Ìlà Mẹ́rin Lẹ́yìn Káàdì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mi ò mọ̀ yín, ẹ ò mọ̀ mí. Ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi gbà á láti sọ ọ́ fún yín. Àwọn tó mọ̀ mí ti gbọ́ ọ, wọ́n ti bú mi tó bó ṣe yẹ, àwọn kan tilẹ̀ bú mi kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kàn fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é.

Ayàwòrán ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé: ewúrẹ́, ìkòkò omi, ọmọ tó ń fọ eyín, ọmọ tó ń sọdá títì. Orúkọ mi kò sí nínú ìkankan. Bí ẹ bá ní ọmọ tó lọ síléèwé, iṣẹ́ ọwọ́ mi lè ti wọ ilé yín láìkí yín.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Olùkọ́ ni ní iléèwé girama, ewì ló sì ń kọ. Onígègé ni mo máa ń pè é nítorí gègé ìkọ̀wé rẹ̀, Ọlọ́dà ni òun ń pè mí. Òpópónà mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé mi, síbẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ la fi ń kí ara wa.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń gé páálí funfun ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, mo máa ya àwòrán sí iwájú rẹ̀, mo máa fún un. Òun á gbé e lọ sílé, á kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, á lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, á sì fi ránṣẹ́ padà sí mi. Ó lè tó ọjọ́ márùn-ún kó tó dé. Ọkọ mi, tó ń tún aago ṣe, kò yé fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹni tó lè rìn dé ibí kí omi tó hó lórí iná," ló máa ń wí, "o wá ń dúró dè é láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì!"

Òfin kan ṣoṣo la ní: a kì í bi ara wa. Èmi ò gbọdọ̀ bi í ní ohun tó fẹ́ kọ, òun ò gbọdọ̀ bi mí ní ohun tí mo fẹ́ yà. Iwájú jẹ́ tèmi, ẹ̀yìn jẹ́ tiẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án la fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, gbogbo káàdì náà sì wà lọ́dọ̀ mi, nínú àpótí kan lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi.

Ní ọdún karùn-ún, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi sì kán. Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi lè di búrọ́ọ̀ṣì mú. Mo rò pé ó ti tán fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, káàdì kan dé. Iwájú rẹ̀ ṣófo gbáà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Onígègé kọ ìlà mẹ́rin sí:

*Bí ọwọ́ rẹ bá rẹ̀, gbé e lé orí ìwé mi.*
*Bí ohùn mi bá há, sọ̀rọ̀ níbi tí mo dákẹ́ sí.*
*Ẹ má bi wá ta ló ṣe iwájú, ta ló ṣe ẹ̀yìn;*
*iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wá, ara méjì la fi ń ṣe é.*

Mo sunkún lórí káàdì yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn ìlà náà sọ́kàn, torí àwọn ni mo jí.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà yẹn, ilé ìtẹ̀wé kan ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè níta. Ó ní àwọn fẹ́ tẹ póòsìkáàdì kan jáde nípa ọ̀rẹ́ méjì tí gbogbo wa ti ń gbọ́ nípa wọn láti kékeré, bàbá agbẹ́gilére kan àti ìyá olórin kan. Àwọn méjèèjì ti dolóògbé. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ní nígbà tí ohùn ìyá náà lọ, ojoojúmọ́ ni bàbá yìí ń gbé igi rẹ̀ wá gbẹ́ níwájú ilé ìyá náà, kó má baà dá jókòó.

"Mi ò fẹ́ fọ́tò wọn," Ọ̀gá wí. "Fọ́tò wọn pọ̀ nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń bára wọn ṣe ni kí ẹ yà fún mi."

"Mo gbọ́, mà."

"Orúkọ yín máa wà lára rẹ̀ o. Lẹ́tà gàdàgbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Lẹ́tà gàdàgbà! Díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀lé e.

"Ó wá ku ẹ̀yìn káàdì náà," ó ní. "Mo fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀. Bíi lẹ́tà tó kọ sí ìkejì rẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi wá a, àbí kí n gbé ìyẹn fún ẹni tó ń kọ̀wé?"

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Màá ṣe é."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan. Iwájú àti ẹ̀yìn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, bó ti wù kó burẹ́wà tó. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti ń jẹ mí nínú. Bí mo bá bá Onígègé lọ sí iléèwé rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ní, "Àǹtí tó ń yàwòrán fún tíṣà wa rèé o!" Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ó ń dùn mí. Mo fẹ́ kí nǹkan kan wà láyé yìí tó jẹ́ tèmi láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Iwájú kò yọ mí lẹ́nu rárá. Mo ya àga méjì sẹ́nu ọ̀nà ilé kan. Èérún igi wà nílẹ̀ lábẹ́ ọ̀kan, ìborùn obìnrin wà lẹ́yìn èkejì. Kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ pé ẹni méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni. Nígbà tí mo fi han Onígègé, ó di orí mú.

"Ọlọ́dà, o ti pa mí! Èwo nínú àga yìí ni tìrẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú mi fó, torí àwa méjèèjì ni mo ń rò nígbà tí mo ń yà á. Kò béèrè ohun tó máa wà lẹ́yìn. Òfin wa ni. Èmi náà ò sì sọ.

Ẹ̀yìn yẹn ló wá di wàhálà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi lọ jókòó sí ilé ìkàwé tí mò ń wá lẹ́tà àwọn àgbà méjèèjì. Bàbá tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ wò mí títí, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi, wọn ò kọ lẹ́tà síra wọn o. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ lẹ́tà fún? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ara wọn."

Mo gbìyànjú láti hun ọ̀rọ̀ fúnra mi. Mo kọ, mo fa á ya. Mo tún kọ, mo tún fa á ya. Ọ̀gá pè mí lórí fóònù láàárọ̀, ó tún pè lọ́sàn-án. "Ẹ̀rọ ń dúró dè yín o! Ṣé kí n kúkú pe ẹni tó ń kọ̀wé ni?"

"Rárá, mà. Ó ti fẹ́ẹ̀ bọ́ sí i."

Mo fa àpótí jáde lábẹ́ tábìlì. Mo ní mo kàn fẹ́ wo àwọn káàdì wa kí ọkàn mi lè balẹ̀. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ọwọ́ mi mọ ibi tó ń lọ.

Mo ka ìlà mẹ́rin yẹn lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Bí ọwọ́ rẹ bá rẹ̀: agbẹ́gilére rèé. Bí ohùn mi bá há: olórin rèé. Bí ẹni pé ìyá olórin yẹn gan-an ló jókòó tó kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kò bá a mu, "ìwé". Mo mú pẹ́ńsùlù, mo fa ìlà gba orí "ìwé" kọjá, mo sì kọ "orin" sókè rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é, ẹnu inú mi kò dákẹ́. Ó ní: ṣebí èmi ló kọ ọ́ sí? Ohun tí wọ́n bá fún ọ, ṣé kì í ṣe tìrẹ ni? Ó ní: ọdún mẹ́rin nìyí tí kò mẹ́nu bà á, ó ti gbàgbé. Ó tún ní: àti pé, a kì í bi ara wa.

Ẹ ò rí nǹkan? Òfin ọ̀rẹ́ ni mo fi bojú láti jalè.

Ọ̀gá ka ìlà náà lójú mi nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sáré sọ̀rọ̀.

"Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí ìyá olórin náà kan. Wọn ò fẹ́ kí n dárúkọ àwọn."

Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́, ó ya èmi gan-an lẹ́nu.

Káàdì náà jáde, ó sì tà bí ẹni pé wọ́n ń fi tọrẹ. Mo rí i lórí káńtà ilé ìtàwé, mo rí i lára ògiri níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Ní iwájú, orúkọ mi, gàdàgbà. Ní ẹ̀yìn: *Ọ̀rọ̀ tí ìyá olórin kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.* Àwọn ènìyàn ń kí mi ní títì. Inú mi ń dùn, ẹsẹ̀ mi ò sì balẹ̀. Bí mo bá jókòó, mo fẹ́ dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ohun tí mo dìde ṣe.

Ó di dandan kí n fún Onígègé ní ọ̀kan. Mo ra férémù onígíláàsì, mo fi káàdì náà sínú rẹ̀, mo kan pákó mọ́ ọn lẹ́yìn gírígírí. Ó ní irú ẹ̀bùn wo nìyí, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀, sọ́gangan àga tó máa ń jókòó sí. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ kí i, ibẹ̀ ni ojú mi máa ń lọ, màá sì tètè gbé e kúrò.

Oṣù méjì kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń po ọ̀dà lọ́wọ́ nígbà tí Onígègé já wọlé, kò kan ilẹ̀kùn. Káàdì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, láìsí férémù.

"Ọlọ́dà, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí mi."

Mo rò pé ó ti mọ̀. Àṣé kò mọ̀. Ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ṣẹlẹ̀.

Ẹ rántí pé ewì ló ń kọ. Ọdún méje ló ti ń kó ewì jọ fún ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ kan sì ti gbà á, ó ku díẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ìlà mẹ́rin yẹn ló fi ṣí ìwé náà. Kò gbàgbé wọn rí. Nítorí òfin wa, kò sọ fún mi, èmi náà ò sì béèrè.

Olóòtú tó ń bójú tó ìwé náà ti rí póòsìkáàdì yìí lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó pe Onígègé; ìgbà yẹn ló tó tú férémù láti wo ẹ̀yìn.

"Ó ní mo jí ọ̀rọ̀ òkú," ló wí. Kò jókòó. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, ó ń padà. "Ó ní mo tún yí 'orin' padà sí 'ìwé' kí wọ́n má baà mọ̀. Ọlọ́dà, èmi! Ó ti dá ìwé náà dúró. Ó ní òun máa yẹ gbogbo ewì tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n ṣàlàyé."

"Ha," ni mo wí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn.

"Ta ló kọ ẹ̀yìn yìí?"

Òun nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bi mí ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ kan láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnu mi ṣí.

"Àwọn ilé ìtẹ̀wé ni," ni mo wí. "Àwòrán nìkan ni tèmi."

"Mo mọ̀. Ìwọ, kí lo mọ̀ nípa ẹ̀yìn?" Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rántí pé mo kọ ọ́ sí ẹ nígbà tí ọwọ́ ẹ kán? Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ wà lára rẹ̀, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kí káàdì yìí tó jáde. Mo fi ìwé àkọsílẹ̀ mi hàn án, ó ní èèyàn lè kọ ìyẹn lánàá. Òǹtẹ̀ nìkan ló lè gbà mí. Jọ̀ọ́, bá mi wá a."

Ibi tí mo ti lè padà rèé. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi.

"Áà, Onígègé," ni mo wí, "òjò wọ ibí yìí nígbà kan. Omi ba àwọn káàdì kan jẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn wà nínú wọn. Màá wò ó."

Ó wá jókòó. Ó fi ọwọ́ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Bóyá èmi náà ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Màmá mi máa ń fi orin ìyá yìí sórí ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà tí mo wà ní kékeré. Bóyá wọ́n sọ ọ́ níbì kan, mo gbọ́ ọ, mo gbàgbé pé mo gbọ́ ọ. Ṣé irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀? Kí èèyàn jalè kó má mọ̀?"

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò fura sí mi. Èmi náà bi ara mi léèrè. Ó rọrùn fún un láti fura sí orí ara rẹ̀ ju kó fura sí mi lọ. Bó ṣe fẹ́ràn mi tó nìyẹn.

Bó ṣe lọ tán, mo gbé àpótí kúrò lábẹ́ tábìlì, mo ní kí ọkọ mi bá mi gbé àga, mo sì ti àpótí náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn báàgì ìrìnàjò. "Kí ló dé?" ni ọkọ mi bi mí. Mo ní ìdọ̀tí ń pọ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ ni mi ò fi ní ìsinmi. Mo máa jáde lọ ra ohun tí mi ò nílò, màá padà láì rà á. Mo ya ẹṣin kan fún ìwé ọmọdé, ẹsẹ̀ márùn-ún ni mo fún un. Nígbà kan tí kò sí ẹnìkan nílé, mo gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀, mo mú káàdì yẹn lọ sí ilé ìdáná, mo ṣá ìṣáná. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo ka ìlà mẹ́rin yẹn títí iná fi jó mi níka. Mo dá a padà sínú àpótí, mo sì gbé e padà sókè. Mi ò ní ìgboyà láti sun ún, mi ò ní ìgboyà láti gbé e jáde.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi ni Onígègé tún wá. Ó ti rù. Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Lẹ́tà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí olóòtú rèé. Bá mi kà á kí n tó fi ránṣẹ́ lọ́la."

Mo kà á. Ó ní òun fa ìwé òun sẹ́yìn. Ó ní òun gbà pé òun ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá olórin náà ní kékeré, kí òun sì mú un bí tòun láìmọ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé àwọn ewì tó kù jẹ́ tòun. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìdílé olóògbé. Ọdún méje. Ọ̀rẹ́ mi ń jẹ́wọ́ olè tí kò jà, èmi tí mo jà á ló gbé e fún kí n kà.

"Ṣé kò le jù?" ó bi mí.

Mo na lẹ́tà náà padà sí i.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni mo wí.

Ọlọ́run ló rí mi. Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ó ń ká lẹ́tà náà nígbà tí ọkọ mi wọlé pẹ̀lú ìgò ojú tó fi ń wo inú aago lórí iwájú orí rẹ̀.

"Onígègé, ojú ẹ rèé! Kí ló ń jẹ ẹ́?"

"Káàdì kan tí mo kọ sí ìyàwó yín ni, bọ̀dá. Òun nìkan ló lè gbà mí, òjò sì ti bà á jẹ́."

"Òjò?" Ọkọ mi wo òrùlé. "Òjò wo ló wọ ilé yìí tí mi ò gbọ́? Ṣé àpótí káàdì yín? Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà! Èmi ni mo gbé àga fún un lọ́jọ́ tó ń gbé e sókè. Gbẹrẹfu ló gbẹ."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni mo wí. "Màá wò ó tó bá yá."

"Wàhálà wo ló wà níbẹ̀?" Ó ti wọ yàrá. A gbọ́ bó ṣe ń fa àga. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlé síbẹ̀.

Ó gbé àpótí náà sórí tábìlì láàárín àwa méjèèjì. Onígègé kò wo ojú mi. Ó ń fi ìka tú káàdì, kíákíá, bí ẹni tó ń ka bébà ìdánwò. Ó rí èyí tí iwájú rẹ̀ ṣófo. Ó yí i padà, ó sì kọ́kọ́ wo igun òkè, níbi tí òǹtẹ̀ wà.

Ó pariwo. "Ó wà! Ọlọ́dà, ó wà! Ọjọ́ rèé, oṣù rèé, ọdún rèé! Èmi ni mo kọ ọ́! Orí mi pé!"

Ó dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó dì mọ́ ọkọ mi. Ó wá gbé káàdì náà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè ketekete. "*Bí ọwọ́ rẹ bá rẹ̀, gbé e lé orí…*"

Ó gbé káàdì náà súnmọ́ ojú. Ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé.

"Ta ló fa ìlà síbí?"

Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà pẹ́ńsùlù náà.

"Ta ló kọ 'orin' síbí?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "'O' báyìí, tó rí roboto bí ojú awo. Ìwọ nìkan ló ń kọ 'o' báyìí."

"Onígègé…"

"Ìwọ lo ṣe ẹ̀yìn."

"Jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Kí ló dé tí o ò béèrè?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Màá ti fún ẹ. Tó o bá ní o fẹ́ mẹ́wàá, màá kọ mẹ́wàá. Kí ló dé?"

Mo ní mo fẹ́ kí nǹkan kan jẹ́ tèmi nìkan. Nínú yàrá yẹn, ọ̀rọ̀ náà dún bí ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ó mi orí. "Mo lè gbàgbé ìyẹn. Ọmọ èèyàn ni wá. Ṣùgbọ́n o ka lẹ́tà yìí." Ó gbé e sókè. "Mo jókòó síwájú ẹ, mo ní orí mi ò pé mọ́, mo ní mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi mọ́. O kà á tán. O ní ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó fi káàdì àti lẹ́tà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ọkọ mi bọ́ ìgò ojú kúrò níwájú orí rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi.

"Ibi tí wàá lọ lọ́la, o ti mọ̀ ọ́n. Mi ò ní sin ọ́ lọ o."

Mo lọ. Mo gbé káàdì náà fún olóòtú, mo sì jẹ́wọ́ lójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wo òǹtẹ̀, ó wo pẹ́ńsùlù, ó wo èmi. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i." Mo kọ ọ́. Láti ibẹ̀ mo lọ bá Ọ̀gá. Ó fetí sí mi, kò sáré rárá lọ́jọ́ náà. Ó kó káàdì náà kúrò nílẹ̀ ní gbogbo ibi tó wà, ó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, ó sì fi orúkọ mi síbẹ̀. Gàdàgbà.

Ìwé Onígègé jáde ní oṣù méje lẹ́yìn náà. Mo ra tèmi níbi tí ẹnìkan ò ti mọ̀ mí. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Ìlà mẹ́rin yẹn kò sí níbẹ̀. Mo yẹ gbogbo ìwé náà wò títí dé èèpo ẹ̀yìn. Wọn ò sí níbì kankan.

Mi ò lè fara dà á. Mo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà iléèwé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jáde. Ó rí mi, kò sá fún mi.

"Ẹ káàsán, mà," ó ní.

Sí mi. Ẹni tó ti ń pè mí ní Ọlọ́dà láti ọdún mẹ́sàn-án.

Mo ní mo ti ka ìwé náà, ó dára púpọ̀. Ó dúpẹ́. Mo ní, "Ìlà mẹ́rin yẹn ńkọ́? Gbogbo ayé ti mọ̀ pé tìẹ ni. Olóòtú mọ̀. Kí ló dé tí o yọ wọ́n?"

Ó wo àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá.

"Mo mọ̀ pé tèmi ni," ó ní. "Mo gbìyànjú láti dá wọn padà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń kà wọ́n, ohùn ìyá olórin yẹn ni mò ń gbọ́. Mi ò gbọ́ ohùn ara mi níbẹ̀ mọ́."

Ó ní kí n kí ọkọ mi. Ó bọ́ sí títì, ó ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ni mo torí yín kọ èyí. Mo ti dá káàdì padà, mo ti dá orúkọ rẹ̀ padà. Ohùn yẹn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà.